Ihò Méjì ní Gyel

Fún ọdún púpọ̀, Hausa ni wọ́n fi ń kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nínú ilé wa ní Anglo Jos. Kì í ṣe pé kò gbọ́ Yorùbá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé e wá fún ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó sì ń wá kí i jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti ará Ọ̀yọ́ tí a jọ ń lọ sí ìjọ kan náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n rí i lórí àpótí ìjókòó rẹ̀ níwájú ààrò, ahọ́n wọn á dúró. Wọ́n á wò mí, wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á wá sọ pé, "Sannu. Sannu fa."

Mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Yorùbá ní kíkí fún gbogbo nǹkan, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ lọ sí àjò, "Ẹ kú ojú lọ́nà" ni à ń kí i. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù" ni. Kò sí kíkí tó wà láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá la ẹnu kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Yorùbá ti sọ ọkọ rẹ̀ di alààyè tàbí òkú nìyẹn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n "sannu" tí a bá lẹ́nu àwọn Hausa, a lè fi kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a lè fi kí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, a lè fi kí ẹni tó ń sunkún. Kì í yan ọ̀nà. Gbogbo àgbà ìjọ sá sínú rẹ̀ bí ẹni sá sábẹ́ òrùlé nígbà òjò. Pásítọ̀ wa pàápàá, tó bá ń gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi, "níbikíbi tó bá wà" ló máa ń sọ.

Èmi náà sá síbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, mo sì fẹ́ sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Nínú àwa méjì tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ni mo jáde, n kò sì fẹ́ fi ohun tí n kò rí kún ohun tí mo rí. Akọ̀wé kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi ní ilé iṣẹ́ ìwakùsà kan. Nígbà tí iṣẹ́ kùsà bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Jos, ní ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró, ó sì wà lára wọn. Kò fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Òun àti èmi àti ọkùnrin méjì míràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ fúnra wa ní Gyel, nítòsí Jos, lórí ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ti pa tì. Kòtò wa rí bí kànga tóóró, okùn la fi ń sọ̀ kalẹ̀. Nísàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti gbẹ́ ihò méjì bíi ti òkété. Ti ọwọ́ ọ̀tún kò já síbì kankan. Inú òkè ló ń lọ, ibẹ̀ ni yanrìn dúdú tí à ń wá, tí wọ́n ń yọ tíìnì lára rẹ̀, pọ̀ sí. Ti ọwọ́ òsì já sí ibi àtijọ́ kan tí ilé iṣẹ́ ti gbẹ́ rí. Bí ènìyàn bá wọ́ àyà nílẹ̀ dáadáa, ó lè yọ sí ẹ̀gbẹ́ àfonífojì.

Lọ́jọ́ náà, ìdí okùn ni mo wà, mò ń kó yanrìn sínú garawa. Ẹ̀gbọ́n mi dúró láàárín ihò méjèèjì, àtùpà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ dún. Kò dún bí àrá, ó dún bí ẹni tó ń payín keke lójú oorun. Ó ní, "Jáde." Kò pariwo. Àtùpà kú. Mo di okùn mú, àwọn tó wà lókè ń fà mí, ilẹ̀ sì ń wó tẹ̀ lé mi títí ó fi mù mí dé ìbàdí. Nígbà tí wọ́n fà mí yọ, kòtò kò sí mọ́.

Àwọn ará Gyel kó ọkọ́ àti ṣọ́bìrì wá. Bí a ti ń gbẹ́ ni ilẹ̀ ń wó. Wọ́n lọ wo ẹnu ihò ní àfonífojì: ó ṣí sílẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Obìnrin kan tó ń din kósè, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́bàá títì ní òun rí ọkùnrin kan tí ẹrẹ̀ bò láti orí dé ẹsẹ̀, tó ń rìn lọ sí ìhà Bukuru. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ọkùnrin náà ga tàbí ó kúrú, ó ní ẹrẹ̀ ni òun rí, òun kò rí ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni òjò bẹ̀rẹ̀. Ibi tó rì náà kún, ó di adágún bíi ti àwọn adágún kùsà yòókù.

Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń bi mí. Ọ̀tún ni, tàbí òsì?

Baba tó jẹ́ olórí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ládùúgbò wá sílé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi kan. Oníṣòwò aṣọ ni, ó ti wà ní Jos kí wọ́n tó bí mi. Ó jókòó, ó tẹ́ ọ̀pá sórí eékún.

"Ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ," ó ní. "Ẹni tó kú, a mọ ibi tí a ó jókòó sí. Ìwọ lo wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ la ó gbà. Ó kú ni, àbí kò kú?"

"Baba, mi ò rí i."

"Mi ò ní kí o sọ ohun tí o rí. Mo ní kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn aṣọ ilẹ̀kùn, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ aṣọ náà. Bí mo bá ní ó kú, obìnrin náà á tú irun rẹ̀, á wọ dúdú, nígbà tó bá sì parí ọ̀fọ̀ wọ́n á ní kí èmi, àbúrò ọkọ, ṣú u lópó. Ta ni yóò gbàgbọ́ nígbà náà pé òótọ́ ni mo sọ? Wọ́n á ní mo fojú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo wá fi ẹnu mi sin ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá sì ní ó yè, mo ti so obìnrin náà mọ́ ẹnu ọ̀nà títí ayé. Kò sí èwo tí mo lè sọ tí ọwọ́ mi kò ní kàn án.

Baba dìde. Ó dé ibi tí obìnrin náà wà.

"Sannu, ọmọ mi," ó ní, ó sì jáde.

N kò lè wọ ilẹ̀ mọ́. Kànga pàápàá, ẹlòmíràn ló ń bá mi fa omi rẹ̀. Àtùpà kì í kú níyàrá mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi a máa fi mí ṣẹ̀sín: "Ọkọ mi kékeré, ẹ tún ti tan iná lọ́sàn-án. Ṣé oòrùn Jos ò tó yín ni?" Bẹ́ẹ̀ ni ó ń pè mí, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ti ń pe àbúrò ọkọ. Ó ń ta ẹ̀wà àti àgbàdo lọ́jà, ó sì ń dirun rẹ̀ nígbà gbogbo bí abilékọ. Àwọn obìnrin ìjọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Ó ń dirun fún ta?" Ó gbọ́. Ó tún lọ di ṣùkú tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹnìkan nínú ìjọ bá mi wá iṣẹ́ ní yunifásítì, ní ẹ̀ka ìmọ̀ físíìsì. Iṣẹ́ mi ni láti gbá yàrá, láti nu tábìlì, láti gbé ohun tí wọ́n bá ní kí n gbé. Ọ̀gá mi jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ó sì fẹ́ràn àwàdà. Ó ní kí káfíńtà kan ní Kabong kan àpótí gígùn kan fún òun, ó kùn ún dúdú nínú. Ó fi gílóòbù kékeré sí ìdí kan. Sí iwájú gílóòbù náà ló to gíláàsì tó ti gbé sórí èéfín àtùpà epo òyìnbó títí ó fi dúdú, kí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá lè kéré jọjọ. Sí ìdí kejì ló fi fíìmù ayàwòrán sí. Láàárín àpótí, ó fi irin pẹlẹbẹ kan dínà, ó sì la ihò méjì sí i lára, wọ́n tín-ín-rín bí ibi tí èékánná họ.

Nígbà tí mo rí ihò méjì náà nínú òkùnkùn àpótí, mo gbé e kalẹ̀, mo jáde lọ dúró sínú oòrùn.

Ó tẹ̀ lé mi. "Kí ló dé? Àbí ejò wà níbẹ̀?"

"Rárá, ọ̀gá. Òtútù ni."

A ti àpótí náà mọ́ inú yàrá kan tí a fi aṣọ dúdú dí fèrèsé rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí ìmọ́lẹ̀ náà kéré. Ọ̀gá mi ní ìmọ́lẹ̀ ń wá ní hóró hóró bí ọkà, òun sì ti dín in kù tó bẹ́ẹ̀ tí hóró kan á ti dé ìdí àpótí kí òmíràn tó gbéra. Nígbà tó fọ fíìmù náà, ó pè mí wá wò ó. Ìlà dúdú, ìlà funfun, ìlà dúdú, bí aṣọ òfì.

"Wò ó," ó ní. "Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọjá. Bí hóró kọ̀ọ̀kan bá gba ihò kan ṣoṣo, kò yẹ kí ìlà yìí wà. Ìlà máa ń wà nígbà tí nǹkan bá gba ihò méjèèjì bí ìgbì omi, tó sì pàdé ara rẹ̀ lódìkejì."

Ó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí ó dí ihò kan fún ìdajì àkókò náà, ó ṣí i, ó dí èkejì fún ìdajì tó kù, kí ó lè dájú pé ó mọ ihò tí hóró kọ̀ọ̀kan gbà. Ìlà kò sí mọ́. Àbàwọ́n pẹlẹbẹ kan ló kù, bí ibi tí wọ́n fọwọ́ nù.

"Bí ọ̀nà bá ti wà láti mọ ihò tó gbà," ó ní, "ìlà á lọ."

Mo ti ń ṣọ́ra fún ìbéèrè náà láti ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó ti ẹnu mi jáde. "Ọ̀gá, nígbà tí ẹ ò dí ìkankan, ihò wo ló gbà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí ẹ ò bá lè fọwọ́ wọ̀n lọ́jà, ẹ ò ní gbà pé ó wà."

"Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ńkọ́, tí ẹ máa ń lóṣòó ti oníbàárà títí á fi sanwó? Ẹ lóṣòó ti ìmọ́lẹ̀ náà kó sọ òótọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ṣomi. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí tábìlì, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní àwọn onímọ̀ ti ń jà lórí ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó bí òun. Ìṣirò wọn bá ara mu, kò tíì já wọn kulẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ohun tí ìṣirò náà ń sọ nípa ayé, wọn kò fẹnu kò. Ó ní àwọn tó pọ̀ jù ń sọ pé kí a má bèèrè, pé kí a tó wò ó kò sí ohun tó ń jẹ́ ihò tó gbà. Àwọn kan ní rárá, ihò kan ló gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìgbì kan tí a kò rí ló ń darí rẹ̀, àìmọ̀ tiwa ni ìyókù.

"Àwọn míràn sì wà," ó ní, "tí wọ́n ní méjèèjì ló ṣẹlẹ̀. Pé ayé là sí méjì. Nínú ọ̀kan ó gba ọ̀tún, nínú èkejì ó gba òsì."

Mo di ẹ̀yìn àga mú. "Àwọn tó wà nínú èkejì, ṣé ọ̀nà wà tí wọ́n lè gbà wá síbí?"

"Àwọn tó sọ ọ́ pàápàá ní kò sí."

Ọ̀rọ̀ ayé méjì yẹn kò jẹ́ kí n sùn. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, n kò sì lágbára láti dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i lójú mi: ẹ̀gbọ́n mi wọ́ àyà jáde ní àfonífojì, ó dìde, ó ń rìn lọ sí Bukuru, ó ra kósè. Nínú ayé yẹn, ó dé ilé wa, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ níwájú ààrò. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn ọgbà wa, mo á dá ọwọ́ dúró lórí oúnjẹ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi náà á dá ọwọ́ dúró. A kì í wo ara wa.

Nígbà tí kò ṣeé mú mọ́ra mọ́, mo sọ ọ̀rọ̀ kòtò náà fún ọ̀gá mi. Mo sọ ọ́ tán pátá, ihò ọ̀tún àti ihò òsì, àti pé n kò rí i. Mo ní, "Ọ̀gá, bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì wò ó, ṣé a lè sọ pé ó ti kú?"

Kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rẹ́ mi, má gbé àpótí yìí lọ sílé. Wíwò tí mò ń sọ kì í ṣe ti ojú. Hóró ìmọ́lẹ̀ kan lè wà níbẹ̀ láìyan ihò nítorí pé kò sí ohun tó fara kàn án lójú ọ̀nà. Ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fara kàn án, ooru ara rẹ̀ ń jáde, yanrìn ń gba àmì ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò dúró de ojú ẹnikẹ́ni." Ó fọwọ́ kan apá mi. "Ilẹ̀ ti wò ó. Omi ti wò ó. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò tíì wò ó."

Ó fẹ́ tù mí nínú ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju òkùnkùn inú kòtò lọ. Mo ti rò pé bí gbogbo wa bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò tíì pinnu, pé sannu tí à ń sọ ń di ilẹ̀kùn mú fún un. Àṣé ọ̀rọ̀ ti parí láti ọjọ́ náà. Adágún náà mọ̀. Nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá gbé mi kọjá ní Gyel, mo máa ń gbé ojú mi kúrò lára omi, bí ẹni tó ń sá fún ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan wá mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn àgbẹ̀ Gyel máa ń fi ẹ̀rọ fa omi adágún kùsà sí oko kábéèjì àti ànàmọ́ òyìnbó wọn nígbà ọyẹ́. Lọ́dún yẹn, wọ́n fa ti adágún wa títí ó fi kù ẹrẹ̀. Lọ́jà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́. Ó dé ilé, kò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

"Ọkọ mi kékeré, omi ti lọ. Wọ́n ní ẹnu ihò méjèèjì ti yọ."

Mo ń wo ilẹ̀. "Ìyàwó wa, bí a ò bá lọ ńkọ́?"

"Bí a ò bá lọ, ẹ ó máa kí mi ní sannu títí n ó fi kú." Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ nígbà náà. "Ojoojúmọ́ ni mò ń dáná bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń bọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń sùn bí opó. Mo fẹ́ jẹ́ ọ̀kan."

A lọ ní òwúrọ̀. Ọyẹ́ ti bo àwọn òkè, òtútù náà ń gún ni létí. Àgbẹ̀ Berom, ọmọ onílẹ̀, tó ni ẹ̀rọ náà mọ ẹni tí a jẹ́. Ó pa ẹ̀rọ, ó kí wa, ó fà sẹ́yìn. Ihò méjèèjì wà lára ògiri ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n kéré ju bí mo ti ń rí wọn lójú àlá lọ. Ti òsì ṣì ṣí sílẹ̀. Omi ti fọ iyanrìn tó dí ti ọ̀tún kúrò.

Èmi ni ó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo dé etí rẹ̀, mo sì jókòó sílẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wò mí, kò bínú. Ó so okùn mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó fi ìdí okùn náà lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ di í mú dáadáa. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fa ènìyàn jáde."

Ó kọ́kọ́ yà sí òsì. Ó kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó tẹjú mọ́ inú rẹ̀, ó tilẹ̀ wọlé dé èjìká. Okùn náà ń yí lọ́wọ́ mi. Ó padà jáde, ó mí kanlẹ̀, kò wòkè. Lẹ́yìn náà ó yà sí ọ̀tún, ó sì wọlé títí n kò fi rí i mọ́. Okùn náà dúró jẹ́ẹ́. Mo dì í mú, mo sì ń wo ẹnu ihò òsì, kí Ọlọ́run dárí jì mí, bí ẹni pé ẹnìkan ṣì lè yọ níbẹ̀.

Nígbà tí okùn mì, mo fà á.

Ẹrẹ̀ bò ó dé ọrùn. Kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

"Ọ̀tún ni," ó ní. "Àtùpà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

N kò bi í ní nǹkan míràn. Ó ṣí gèlè rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ṣùkú orí rẹ̀, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú ìka ẹlẹ́rẹ̀. Àgbẹ̀ náà yí ojú padà. Mo mọ̀ pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ ọ́, n kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ àjèjì. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú erùpẹ̀, èmi tí ó yẹ kí ó kúnlẹ̀ fún.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Ó dáwọ́ dúró lórí irun rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó sunkún. "Ẹ ṣé," ó ní. "Ẹ ṣé é, ọkọ mi. A ò ní fi irú rẹ̀ san án fún ara wa."

A sin ohun tí a rí sí itẹ́ òkú ìjọ. Gbogbo àwọn tó ti ń sọ sannu wá, Yorùbá sì ń tú lẹ́nu wọn bí omi tí a ṣí ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀fọ̀, nígbà tí baba dá ọ̀rọ̀ opó ṣíṣú sílẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló dáhùn. "Baba, ọkọ mi kékeré ti di okùn mú fún mi. Iyẹn ti tó." Baba kò tún un sọ. Obìnrin náà padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ṣì wà ní Jos, mo ti di àgbà, iṣẹ́ yàrá físíìsì náà ni mo ṣì ń ṣe. Mo mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ báyìí, mo sì gbà á. Àtùpà ṣì ń jó níyàrá mi. Ẹni tó gba ọ̀tún ti ní ibojì, ó ti ní kíkí rẹ̀. Ti ẹni tó gba òsì ni kò yé mi. Ọdún púpọ̀ ni mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, n kò sì mọ ibi tó lọ nígbà tí obìnrin náà tan tọ́ọ̀ṣì. Bí ọkọ̀ bá gbé mi gba ọ̀nà Bukuru, tí mo rí òṣìṣẹ́ tí ẹrẹ̀ bò lẹ́bàá títì, mo máa ń wo ojú rẹ̀ kí n tó rántí. Ọkọ̀ á ti kọjá. Mo á sọ ọ́ sí ara gíláàsì fèrèsé ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́: sannu.